Ta ni Chiêu Quân tí àwọn ará Vietnam ń dárúkọ nínú ewì wọn?

Ẹnìkan tó ń ka Truyện Kiều, ewì ńlá àwọn ará Vietnam, ní ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé béèrè pé: "Níbi tí Kiều ti ń ta ohun èlò olókùn fún olólùfẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ó ta orin Chiêu Quân tó ń ré bodè kọjá. Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi kò ṣàlàyé kankan. Mo wádìí, mo gbọ́ pé arẹwà obìnrin ààfin Ṣáínà ni. Kí ló wá gbé obìnrin Ṣáínà dé àárín ewì Vietnam? Kí ni wọ́n fẹ́ kí n gbọ́ nínú orúkọ yẹn?"

Ẹ ṣé tí ẹ dúró síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló máa ń fo irú orúkọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Lóòótọ́ ni Chiêu Quân jẹ́ arẹwà, àmọ́ bí òǹkọ̀wé Vietnam bá dárúkọ rẹ̀, ẹwà kọ́ ló kọ́kọ́ ń sọ. Ọmọbìnrin tí àwọn alágbára fi ṣe ìṣákọ́lẹ̀ ló ń sọ, ẹni tí wọ́n gbé kọjá bodè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ níwájú tí ojú rẹ̀ ń wo ẹ̀yìn. Gbólóhùn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n máa ń lò, "Chiêu Quân cống Hồ". Cống ni kí ènìyàn san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹni tó jù ú lọ. Hồ ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ará àríwá tó ń gun ẹṣin. Ẹ wo bí gbólóhùn náà ṣe tò ó: bí ẹní ń ka ẹrù ni, wúrà, eyín erin, ọmọ ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ yàrá tí orin náà ti dún. Òru ni. Àwọn òbí Kiều ti lọ síbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀, ọmọbìnrin náà sì yọ́ gba inú ọgbà kọjá sílé Kim Trọng, olólùfẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti bá ara wọn jẹ́jẹ̀ẹ́ lábẹ́ òṣùpá. Kim ní òun fẹ́ gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ lórí okùn. Ó sáré lọ mú ohun èlò tó fi kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè dé ọ̀gangan ìpéǹpéjú, ó wá gbé e lé e lọ́wọ́ bí ẹni ń gbé nǹkan fún ọba. Kiều to okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà orin ń tẹ̀lé orin. Èyí dà bí ojú ogun Han àti Chu, ìjọba méjì ní Ṣáínà àtijọ́, irin ń kọ lu irin. Èyí ni orin tí Sima Xiangru, akéwì Ṣáínà, fi fa ojú opó kan mọ́ra. Èyí ni ti Ji Kang, ọkùnrin tó ta orin náà kí wọ́n tó pa á. Chiêu Quân ló kẹ́yìn:

Quá quan này khúc Chiêu Quân,
Nửa phần luyến chúa nửa phần tư gia.

Ìyẹn ni pé, "Èyí ni orin Chiêu Quân, tó ń ré bodè kọjá, ìlàjì ń ṣàárò ọba, ìlàjì ń ro ilé."

Nguyễn Du tó kọ ewì náà kò wá ṣàlàyé ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó yí ojú sí Kim Trọng. Iná fìtílà ń tàn, ó ń ṣú. Ọkùnrin náà fi ara ti orúnkún, ó sorí kọ́, inú rẹ̀ ń lọ́ mọ́ra wọn, ó fajú ro. Nígbà tí orin parí, ohun tó sọ ni pé ó dùn, lóòótọ́ ló dùn, ṣùgbọ́n òun gbọ́ ìkorò tí a gbé mì nínú rẹ̀. Kí ló dé tí o fi yan orin tó ń ba inú ẹ jẹ́ tó sì ń da inú ẹni tó ń gbọ́ rú? Kiều dá a lóhùn pé ó ti mọ́ òun lára, bí Ọlọ́run ṣe dá òun nìyẹn.

Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ yìí ò tíì ju bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Kò tíì jìnnà sílé bàbá rẹ̀ rí ju ibi tí wọ́n ti ń ṣèrántí òkú lọ. Kí ni bodè tó ti ré kọjá tó fi mọ orin ẹni tó ń ré bodè? Ìbéèrè tí Nguyễn Du fẹ́ kó wà lọ́kàn wa nìyẹn. Mo máa padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ obìnrin náà fúnra rẹ̀. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Wang Qiang, tí àwọn ará Vietnam ń pè ní Vương Tường. Zhaojun lédè Ṣáínà, Chiêu Quân lédè Vietnam, ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Ìwé ìtàn ní Zigui ló ti wá, ní agbègbè tó wà ní ìpínlẹ̀ Hubei lónìí, nítòsí odò Yangtze. Wọ́n mú un wọ ààfin Ọba Yuan ti ìdílé Han ní Chang'an. Ní ọdún 33 ṣáájú ìbí Jésù, Huhanye, olórí àwọn Xiongnu, àwọn darandaran agẹṣin orí pápá àríwá, wá kí ọba, ó ní òun fẹ́ di àna rẹ̀. Ọmọ ọba kọ́ ni wọ́n fún un. Obìnrin kan láti inú àwọn tó kún inú ààfin ni wọ́n fún un, òun náà ni Zhaojun.

Ìtàn gidi kúrú, ó sì le ju èyí tí àwọn akéwì ń sọ lọ. Ó bí ọmọkùnrin kan fún Huhanye. Nígbà tí ọkọ yìí kú ní ọdún 31 ṣáájú ìbí Jésù, ọmọ rẹ̀ tí ìyàwó mìíràn bí ló gorí oyè, òun ló sì ṣú Zhaojun lópó. Àwa tí a mọ ohun tí à ń pè ní opó ṣíṣú, ó lè má yà wá lẹ́nu, ṣùgbọ́n lójú àwọn ará Han, èèwọ̀ ńlá ni kí ọmọ fẹ́ ìyàwó bàbá rẹ̀. Zhaojun kọ̀wé sí ààfin pé òun fẹ́ padà wálé. Èsì tó wá ni pé kó tẹ̀lé àṣà ibi tó wà. Ó dúró síbẹ̀, ó bí ọmọbìnrin méjì fún ọkọ kejì. Níbi tí ìlú Hohhot wà lónìí, ní Mongolia ti Inú, òkìtì ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Ibojì Tútù, wọ́n ní koríko rẹ̀ kì í rọ nígbà tí ti gbogbo àyíká bá rọ.

Fan Ye, òpìtàn ọ̀rúndún karùn-ún, fi nǹkan kan kún un: Zhaojun ti lo ọdún mélòó kan láàfin láì fojú kan ọba, ìbànújẹ́ àti ìbínú rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ. Ọjọ́ ìdágbére ni ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, gbogbo ààfin ń wò ó. Ó wu ọba kó dá a dúró. Ẹyin lohùn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn wá ẹni tí wọ́n máa gbé ẹ̀bi fún. Ìtàn kan jáde pé àwọn obìnrin ààfin pọ̀ jù, àwòrán wọn ni ọba fi ń yan ẹni tó máa pè. Àwọn yòókù fún ayàwòrán lówó ẹ̀yìn. Zhaojun kọ̀, kò fún un. Mao Yanshou (Mao Diên Thọ lẹ́nu àwọn ará Vietnam) wá sọ ọ́ di òbùrẹ́wà lórí aṣọ ìyàwòrán. Nígbà tí àṣírí tú, ọba ní kí wọ́n pa àwọn ayàwòrán. Ìtàn yìí dùn, ó sì rọrùn fún ọba púpọ̀, torí ó mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni tó fi ènìyàn tọrẹ, ó gbé e sọ́rùn ẹni tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ṣiṣẹ́. Ẹ fi àwòrán yìí sọ́kàn, a máa tún bá a pàdé.

Ohun èlò orin ńkọ́? Tỳ bà ni wọ́n ń pè é, okùn mẹ́rin, ó tóbi nísàlẹ̀ ó tẹ́ẹ́rẹ́ lókè. Ẹni tó kọ́kọ́ so ó mọ́ ìtàn Zhaojun ni Shi Chong, akéwì ọ̀rúndún kẹta. Ohun tó sọ ni pé nígbà tí wọ́n ń mú ọmọ ọba kan lọ fún àwọn Wusun, ẹ̀yà àjèjì kan, ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ta tỳ bà fún un lórí ẹṣin lọ́nà kó lè gbàgbé ìrònú. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún Zhaojun. Àwọn ẹlòmíràn ló ń ta á fún un, nígbà náà. Ṣùgbọ́n àwọn akéwì tó tẹ̀lé e gba ohun èlò náà, wọ́n gbé e lé Zhaojun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ló ti di obìnrin orí ẹṣin tó fi aṣọ òtútù bora, tó ń ta okùn mẹ́rin nínú afẹ́fẹ́ àríwá. Àwọn ẹyẹ tó ń fò lọ sí gúúsù gbọ́ ọ, wọ́n rí ojú rẹ̀, wọ́n gbàgbé láti ju ìyẹ́, wọ́n jábọ́. Ìtàn yìí ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Vietnam ń sọ títí dòní nípa obìnrin tó rẹwà: "chim sa cá lặn", ẹyẹ já, ẹja rì. Ẹyẹ ni ti Chiêu Quân. Ẹja ni ti Tây Thi (Xi Shi), tí wọ́n ní ẹja gbàgbé lúwẹ̀ẹ́ nígbà tó ń fọ owú létí odò. Nguyễn Gia Thiều (1741–1798) lo méjèèjì pọ̀ nínú Cung oán ngâm khúc, ẹkún obìnrin tí ọba pa tì láàfin.

Báwo ni gbogbo èyí ṣe dé Vietnam? Àwọn ará Ṣáínà jọba lórí àríwá Vietnam láti ọdún 111 ṣáájú ìbí Jésù títí di 938, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tẹ̀ ń bẹ́ láàárín. Lẹ́yìn tí Vietnam gba òmìnira, àwọn ọba wọn fúnra wọn tún gbé ìdánwò ìwé Ṣáínà kalẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ọba: ti àkọ́kọ́ wáyé ní 1075, ti ìkẹyìn ní 1919. Ẹni tó bá kàwé mọ Chiêu Quân bí ẹni mọ ará ilé rẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo tó láti gbé ìtàn odindi wọlé, bó ṣe jẹ́ pé bí ẹnìkan láàárín wa bá kàn ní "Mọ́remí", kò tún yẹ kó sọ ti Ẹsìnmìnrìn àti Olúorogbo kí a tó mọ ohun tó ń fi ìyà wé.

Ohun tó ṣe pàtàkì ni ìlò tí wọ́n lò ó. Èyí tó kọ́kọ́ hàn kedere nínú ìwé ìtàn wọn jẹ́ ti ọdún 1306, ẹnu àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń bínú sí ọba ló sì ti jáde.

Ní 1301, Trần Nhân Tông, tó ti gbé oyè sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tó sì ti wọ ẹ̀sìn Búdà pátápátá, rìnrìn àjò lọ sí Champa, ìjọba àwọn Cham tó wà ní gúúsù wọn. Ó ṣèlérí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Huyền Trân, fún ọba ibẹ̀. Nígbà tó di 1306, ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà, Trần Anh Tông, mú ìlérí ṣẹ. Ọba Champa, tí wọ́n ń pè ní Chế Mân, fi agbègbè méjì, Ô àti Lý, ṣe ìdána. Ilẹ̀ tí ìlú Huế jókòó lé lónìí wà nínú ìdána yẹn. Đại Việt sử ký toàn thư, ìwé ìtàn ńlá tí Ngô Sĩ Liên tò jọ ní 1479, sọ pé ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nínú ààfin àti lóde gbé ìtàn ọba Han tó fi Chiêu Quân fún àwọn Xiongnu, wọ́n fi kọ ewì ní èdè Vietnam fúnra rẹ̀, kì í ṣe èdè Ṣáínà, wọ́n fi bú ìgbéyàwó náà.

Wọn kò lè sọ fún ọba pé, "Ẹ fi ọmọ yín ra ilẹ̀." Wọ́n lè sọ̀rọ̀ ọba Han tó ti kú láti 1,300 ọdún. Ọlọ́gbọ́n ọba á gbọ́ ohun tó yẹ kó gbọ́.

Síbẹ̀ nǹkan kan wà nínú ewì bẹ́ẹ̀ tí kò dùn mọ́ mi, mo sì fẹ́ sọ ọ́. Bí Huyền Trân bá jẹ́ Chiêu Quân, Cham wá di Hồ nìyẹn, wọ́n di ẹni tí kò lajú. Orin àwọn ará ìlú kan tí wọ́n sábà máa ń so mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ń kédàárò igi olóòórùn dídùn inú igbó tí wọ́n jẹ́ kí àwọn ará orí òkè máa gùn, orúkọ ẹ̀yà tó kéré ni wọ́n sì fi bú wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni Chế Mân? Ní àwọn ọdún 1280, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọba, òun ló ṣáájú àwọn Cham láti kọjú ìjà sí ọmọ ogun Kublai Khan, ọba àwọn Mongol, nínú igbó, lásìkò tí Trần Nhân Tông náà ń bá ogun kan náà jà ní àríwá. Ọ̀tá kan náà ni wọ́n jọ ní. Ọba tó fi ọmọ fún un mọ ẹni tó fún. Àwọn ará Ṣáínà sì rèé, tí wọ́n ń ka àwọn ará Vietnam fúnra wọn mọ́ àwọn aláìlajú gúúsù. Ẹni tí wọ́n fojú tín-ín-rín gba ojú náà, ó fi wo aládùúgbò rẹ̀. Ìbànújẹ́ ọmọbìnrin tí wọ́n fi tọrẹ jẹ́ òtítọ́. Ẹ̀gàn sí àwọn tí wọ́n fi í fún kò yẹ kó bá a rìn, ó sì máa ń bá a rìn nínú ọ̀pọ̀ ewì wọ̀nyí. Huyền Trân ò pẹ́ níbẹ̀. Ọba kú ní 1307, wọ́n sì rán ènìyàn lọ mú un padà, ohun tí Chiêu Quân bẹ̀bẹ̀ fún tí kò rí gbà.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni Kiều Nguyệt Nga. Ẹ má fi í pe Kiều ti Nguyễn Du. Ìtàn mìíràn ni, Lục Vân Tiên, tí Nguyễn Đình Chiểu (1822–1888) kọ ní gúúsù Vietnam. Ojú Nguyễn Đình Chiểu ti fọ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó ń ké ewì, àwọn tó yí i ká ń kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn tí kò mọ̀wé rárá sì mọ ọ́n sórí, wọ́n ń ké e létí odò àti lọ́jà. Nguyệt Nga ni ọmọbìnrin tí Lục Vân Tiên, akọni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìtàn náà, gbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́ṣà. Kò lè gbàgbé rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán rẹ̀. Ìjòyè ńlá kan láàfin fẹ́ ẹ fún ọmọ rẹ̀, ó kọ̀. Nígbà tí àwọn Ô Qua, àwọn àjèjì inú ìtàn náà, wá halẹ̀ mọ́ bodè, ìjòyè yìí fi ẹnu kan ọba létí pé obìnrin arẹwà ni wọ́n ń fẹ́, òun sì mọ ibi tó wà.

Níbẹ̀ ni Nguyệt Nga ti dárúkọ Chiêu Quân. Ó ní Chiêu Quân náà ti lọ ṣe ìṣákọ́lẹ̀ fún Hồ láyé àtijọ́, Diên Thọ ayàwòrán ló fà á. Ó tún dárúkọ Hạnh Nguyên, ọmọbìnrin inú ìtàn Nhị độ mai, tí ọ̀tá bàbá ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí àjèjì bákan náà. Ó ní àwọn méjèèjì bẹ́ sódò kí wọ́n má bàa já ọ̀rọ̀ wọn kulẹ̀. Ẹ rí i pé èyí kò bá ìwé ìtàn mu. Chiêu Quân ti ìwé ìtàn kò bẹ́ sódò. Ó dàgbà níbẹ̀, ó bímọ mẹ́ta. Odò jẹ́ ti àwọn eré orí ìtàgé Ṣáínà láti ayé ìdílé ọba Yuan (kì í ṣe Ọba Yuan ti Han), níbi tí wọn kò ti lè fara mọ́ ọn pé kó gbé ọ̀dọ̀ ọkọ àjèjì títí. Òun ni àwọn ará gúúsù Vietnam mọ̀, òun náà ni Nguyệt Nga ń fi ṣe àpẹẹrẹ.

Nítorí náà, lóru lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e lọ fún àwọn Ô Qua, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti sùn, ó dáro tán, ó gbé àwòrán Vân Tiên kọ́ èjìká, ó wo ibi tí omi ti ń ṣàn dáadáa, ó bẹ́.

Mo rò pé àwòrán yẹn ni Nguyễn Đình Chiểu fi dá ìtàn àtijọ́ lóhùn. Àwòrán tí ọkùnrin yà ní irọ́ ló sọ Chiêu Quân nù. Nguyệt Nga kò dúró de ayàwòrán. Òun fúnra rẹ̀ ló mú búrọ́ọ̀ṣì, ojú ẹni tó fẹ́ ló yà, òun ló sì gbé lọ sómi. Ọkùnrin tí kò ríran ló ronú kan èyí.

Ṣùgbọ́n nǹkan tó ń dun mí jù nínú ìtàn náà kì í ṣe ti Nguyệt Nga, torí Quan Âm, òrìṣà àánú, gbà á là nínú omi. Kim Liên, ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀, ló ń dùn mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí àwọn ìjòyè inú ọkọ̀ kò rí Nguyệt Nga, ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n wọ aṣọ ìyàwó fún Kim Liên, wọ́n fi í rọ́pò, ọkọ̀ ń lọ. Ìlà díẹ̀ ni, ewì ti kọjá. Kò sẹ́ni tó ta okùn fún Kim Liên, kò sì sí ẹyẹ tó já. Ẹ padà wo ọdún 33 yẹn: Huhanye ní òun fẹ́ di àna ọba, wọ́n fún un ní obìnrin tí ọba kò mọ ojú rẹ̀. Kim Liên ni Chiêu Quân jẹ́ gan-an kó tó di orúkọ ńlá.

Ó kù bí mo ṣe máa padà sí ìbéèrè yín, sí Kiều àti orin rẹ̀.

Ìlà 3,254 ni Truyện Kiều, mẹ́fà-mẹ́jọ ni wọ́n ń pe bí ó ṣe ń lọ: ìlà kan sílébù mẹ́fà, èkejì mẹ́jọ, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sì ní àyè tiwọn, torí èdè olóhùn ni Vietnam bíi tiwa. Àwọn tí kò kàwé mọ odindi ojú ewé rẹ̀ lórí; àwọn kan ń ṣí i láì wò, láti fi wádìí ohun tó ń bọ̀. Láti inú ìtàn àròsọ Ṣáínà kan ni Nguyễn Du ti mú ìtàn náà. Orúkọ ìdílé Kiều ni Vương, orúkọ ìdílé Chiêu Quân gan-an. Nguyễn Du kò fa ìyẹn yọ. Ó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní etí.

Láìpẹ́ sí alẹ́ orin yẹn, wọ́n pe Kim Trọng lọ síbi òkú nílé jíjìn. Àwọn agbófinró ya wọ ilé Vương, wọ́n so bàbá àti ọmọkùnrin rẹ̀ rọ̀. Owó ni wọ́n ń fẹ́. Kiều ta ara rẹ̀. Nguyễn Du mú wa wọ yàrá ìtajà: ẹni tó fẹ́ rà á ní kó ta okùn, kó kọ ewì lára abẹ̀bẹ̀, kí òun mọ ohun tí òun ń rà. Wọ́n ná an, wọ́n yọ ọ̀kan, wọ́n fi méjì kún un, ó pẹ́ kí owó tó dúró sí ohun tó lé ní 400. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi rìn kiri lẹ́yìn èyí, nílé aṣẹ́wó, nílé ìyàwó onílé tó sọ ọ́ di ẹrú, lọ́wọ́ ọlọ̀tẹ̀ ńlá kan, Từ Hải, tó fẹ́ ẹ tó sì fún un ní ọlá.

Níkẹyìn, Hồ Tôn Hiến, aṣojú ọba, fi ìlérí irọ́ mú Từ Hải kó ohun ìjà sílẹ̀, ó pa á. Ní alẹ́ tó ń ṣe àjọyọ̀ ìṣẹ́gun, ó pàṣẹ pé kí Kiều ta okùn fún òun. Ó ta á. Okùn mẹ́rin, ìka márùn-ún, ẹ̀jẹ̀ ń kán. Ọkùnrin yẹn pàápàá fajú ro. Nígbà tó di àárọ̀, ó ronú pé ìjòyè ńlá bíi tòun kò yẹ kó fẹ́ irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Kí ló wá ṣe? Ó pàṣẹ, ó fi í fún olórí ẹ̀yà ìbílẹ̀ kan. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ rí i bí. Aṣojú ọba, ìjọba tó fẹ́ kí ara òun mọ́, obìnrin kan, olórí ẹ̀yà tí wọ́n ń fojú kéré. Ìtàn Chiêu Quân ni. Orin tí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fi ìka rẹ̀ ta nínú iná fìtílà, òun ló wá di ìgbésí ayé rẹ̀. Lóru yẹn lójú odò Tiền Đường, Kiều bẹ́ sómi, bíi Chiêu Quân inú eré.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ẹwà kọ́ ni wọ́n ń sọ. Nguyễn Du mọ ọ̀nà bodè fúnra rẹ̀. Ní 1813 ni ọba rán an gẹ́gẹ́ bí olórí aṣojú lọ sí Beijing, ìṣákọ́lẹ̀ ló ń gbé lọ, ó sì padà ní 1814. Lójú ọ̀nà yẹn ló kọ ewì kan nípa Yang Guifei, arẹwà ààfin mìíràn tí wọ́n ní òun ló ba ìjọba Tang jẹ́. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé gbogbo ààfin ló dúró gbagidi láì sọ̀rọ̀, wọ́n wá fi ẹ̀ṣẹ̀ ìlú tó wó kọ́ obìnrin náà lọ́rùn fún ẹgbẹ̀rún ọdún. Ọwọ́ tó kọ èyí náà ló fi orin Chiêu Quân sí ìka Kiều.

Àwọn apẹja gbé Kiều jáde nínú odò. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó tún jókòó níwájú Kim Trọng, Kim sì tún ní kó ta okùn. Ẹ ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítòsí òpin ìwé. Labalábá inú àlá Zhuang Zhou, ọlọ́gbọ́n Ṣáínà àtijọ́, wà nínú orin náà, ẹyẹ tí wọ́n ní ọkàn ọba Shu dà wà níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tó ń tàn lábẹ́ òṣùpá wà níbẹ̀. Chiêu Quân kò sí níbẹ̀ mọ́. Kim yà á lẹ́nu: ọwọ́ kan náà ni, kí ló dé tí ìgbà yẹn fi korò tí tòní fi dùn? Kiều ní iṣẹ́ kékeré yìí ló ti ń pa òun lára láti ọjọ́ yìí wá. Ó ká okùn rẹ̀, kò sì ta á mọ́.